Àdá Ìdí Ọkọ̀ Tó Ń Fa Gẹdú

Dàmilọ́lá, gbé àdá yẹn sílẹ̀. Mo ní kí o gbé e sílẹ̀! Kì í ṣe ti àgbọn. Ẹ wò ó bó ṣe ń wò mí bíi pé orí mi ti fẹ́ dàrú. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ má bínú sí mi, ẹ jókòó. Ẹ kúrò ní Yábàá, ẹ wá kí ìyá àgbà ní Sùúrùlérè, ẹ sì gbé àgbọn lọ́wọ́. Ẹ ṣeun. Kò sí ẹni tó tún ń gbé àgbọn wá fún mi mọ́, bisikíìtì rírọ̀ ni gbogbo wọn ń gbé wá, bíi pé ẹnì kan ti lọ kéde pé eyín mi ti tán. Ṣùgbọ́n àdá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, láti ìgbà tí mo ti ń gbé inú ilé yìí, kò tíì gé ohunkóhun. Kò gé iṣu, kò gé koríko, kò gé ọrùn adìẹ ọdún.

"Màmá àgbà, kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?" Dàmilọ́lá nìyẹn, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Ṣé olè lẹ fẹ́ fi ṣá ni?"

Olè wo? Orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àlòkù. Kí n tó dìde, olè á ti kó gbogbo ẹrù, á tún ti kí mi pé ó dàbọ̀. Rárá, bàbá àgbà rẹ ló ni àdá yẹn, ọkọ mi, tí gbogbo Òkòbàbà ń pè ní Bàbá Dúpẹ́. Dúpẹ́ ni ìyá Dàmilọ́lá, kí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè mọ ẹni tí mò ń sọ. Ẹ jẹ́ kí fáànù yìí fẹ́ sí yín lára díẹ̀, kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ṣé ẹ mọ Òkòbàbà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ máa ń gba orí bíríìjì gígùn yẹn kọjá lójoojúmọ́, fóònù lẹ máa ń wò. Ẹ̀bá ọ̀sà tó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, lápá Ẹ̀búté Mẹ́tà, tí èéfín máa ń bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ta pákó. Wọ́n ti kó àwọn oníṣẹ́ igi kúrò níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ní ilé tó rẹwà làwọn fẹ́ kọ́. Kó rẹwà o, mi ò bá ilé jà.

Nígbà tiwa, bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀yìngbò, etí yín ló máa mú yín dé ọ̀dọ̀ wa. Ayùn ńláńlá tó ń fi ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ni, wọ́n tò lọ láti ìpẹ̀kun èbúté kan dé ìpẹ̀kun kejì. Bí ayùn bá wọ inú igi tó rọ̀, á máa kọrin. Bó bá wọ inú ìrókò, á figbe ta bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ariwo ni gbogbo wa fi ń sọ̀rọ̀. Bí ọkọ bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ dídùn kan sí ìyàwó rẹ̀ létí, àfi kó kígbe rẹ̀, gbogbo èbúté á sì dá sí i. Òun ló fà á tí mo fi ń pariwo lórí fóònù dòní. Dàmilọ́lá máa ń gbé fóònù jìnnà sí etí, ó rò pé mi ò mọ̀.

Èérún igi wá ńkọ́? Inú irun wa ló wà, inú ọbẹ̀ wa ló wà. Bí mo bá na aṣọ mi lálẹ́, ẹ ẹ́ rò pé gààrí ni mò ń dà sílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀, mo rò pé imú mi ti bàjẹ́, torí mi ò gbọ́ òórùn igi mọ́. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń rí nìyẹn.

Igi tí à ń là, kì í ṣe Èkó ló ti hù. Láti inú igbó lọ́hùn-ún ni, apá Òǹdó, apá Ìjẹ̀bú. Gẹdú la máa ń pè é, ìtì igi gbọọrọ tí wọn ò tíì là. Orí omi ni wọ́n ń gbé e gbà. Wọ́n á yí àwọn ìtì náà sínú omi, wọ́n á fi okùn dì wọ́n mọ́ra, igi mọ́ igi, títí tó fi máa tẹ́ lọ bíi pápá bọ́ọ̀lù tó léfòó. Wàyí o, ta ló máa fa pápá bọ́ọ̀lù yìí dé Èkó? Ọkọ̀ pákó kékeré kan báyìí ni, tó ní ẹ́ńjìnnì nídìí. Ọkọ̀ á wà níwájú, gẹdú á wà lẹ́yìn, okùn gígùn á wà láàárín, wọ́n á sì máa bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba inú ọ̀sà. Bẹ́ ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ ẹ́ rò pé èèrà ló ń fa búrẹ́dì lọ.

Iṣẹ́ ọkọ mi nìyẹn. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ọkọ̀ náà sì jẹ́ èyí tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tó fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ẹ ẹ́ rò pé ọkọ̀ tó wà níwájú ni ọ̀gá. Irọ́ ni. Bàbá Dúpẹ́ máa ń sọ pé ìgbà tí ọ̀sà bá tutù nìkan lòun ń fa gẹdú, ìgbà tó bá kù, gẹdú ló ń fa òun. Gẹdú ò ní búrékì. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá kú lójijì, ọkọ̀ á dúró, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún gẹdú. Á ṣì máa bọ̀, á sì gun ọkọ̀ lẹ́yìn. Bí ìjì bá wá gbá gẹdú sí ẹ̀gbẹ́ kan ńkọ́? Okùn á fa ìdí ọkọ̀ tẹ̀ lé e, ọkọ̀ á sì dojú dé kí ẹ tó pe orúkọ ìyá yín tán.

Ìdí tí àdá fi wà nìyẹn. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ń fa gẹdú, àdá kan máa wà nídìí rẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹni tó di ẹ́ńjìnnì mú. Wọn kì í fi nǹkan bò ó, wọn kì í gbé nǹkan lé e, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi gé ohunkóhun, kékeré tàbí ńlá. Okùn nìkan ló ń dúró dè. Bí gẹdú bá ti fẹ́ di ikú, gé e kó máa lọ, ìyẹn ni pé kí o jẹ́ kí igi olówó lọ, kí o mú ẹ̀mí rẹ bọ̀. Àràárọ̀ ni Bàbá Dúpẹ́ ń pọ́n ọn. Ó ń pọ́n ohun tí kò lò.

Èmi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Omi tí mo mọ̀ kò ju ti inú garawa lọ, mo sì lọ fẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, àwọn tó jẹ́ pé orí omi ni wọ́n ti ń kọ́ ìrìn. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ó ní kí n wá bá òun gun ọkọ̀ kí n wo ọ̀sà. Mo ra ìrèké lọ́wọ́. A dé àárín omi, mo rí àdá tó mú dáadáa, mo gbé e.

"Ìyàwó, gbé e sílẹ̀."

"Ìrèké lásán ni mo fẹ́ fi gé."

"Fi eyín rẹ gé e."

Áà, mo bínú! Mo ní ahun ni mo fẹ́ yìí, ahun tí kò fẹ́ kí n lo àdá, kí ló máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo bá bèèrè aṣọ? Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi dé èbúté. Ibẹ̀ ló ti wá ṣàlàyé. Ó ní, "Bí o bá fi gé ìrèké lónìí, ọ̀la wàá gbé e lọ sí ìdí ààrò. Ọ̀tunla màá nawọ́ sẹ́yìn láìwo ibẹ̀, mi ò sì ní bá a."

Dàmilọ́lá ní níbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tiwọn náà, bọ́tìnnì kan wà tó ń dá gbogbo nǹkan dúró, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ máa lọ wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnì kan ò tíì gbé nǹkan lé e.

Èèyàn máa ń wà lórí gẹdú fúnra rẹ̀ náà. Tìámíyù ni tiwa, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ga, tó jẹ́ pé bó bá dúró pẹ̀lú ọ̀pá tó fi ń ti gẹdú, ẹ gbọ́dọ̀ wò ó dáadáa kí ẹ tó mọ èyí tó jẹ́ ọ̀pá. Ó fi tapólì kọ́ àtíbàbà kékeré sórí igi, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń dáná, adìẹ rẹ̀ ń yé ẹyin níbẹ̀ lórí omi. Ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí Bàbá Dúpẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú, nítorí náà ọmọrí ìkòkò ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bó bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, kó rọra ṣe. Bó bá lù ú ṣáá láìdákẹ́, nǹkan ti bàjẹ́. Bó bá sì lù ú bí ẹni ń lu ìlù ijó, oúnjẹ ti jinná nìyẹn.

Ìrun ni wàhálà rẹ̀. Á kọjú sí gábàsì dáadáa, á wọ inú ìrun, ṣùgbọ́n gẹdú ò mọ̀ pé ẹnì kan ń kírun lórí òun. Kó tó forí kanlẹ̀ kó gbé e, gẹdú á ti yí, Bàdágírì ni Tìámíyù á wá kọjú sí. Ó lọ bi àáfà léèrè. Àáfà ní kó máa yí padà. Ó ní, "Àáfà, bí mo bá yí, òun náà á tún yí." Àáfà ronú títí, ó ní kó máa kí i lọ, pé Ọlọ́run tó dá omi mọ ibi tí omi ń gbé e lọ. Tìámíyù fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn débi pé gbogbo àṣìṣe rẹ̀ ló ń fi ṣe àwáwí fún. Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀? Ọlọ́run tó dá omi mọ̀.

Ọjọ́ kan ló wà lọ́dún tí gbogbo ayùn máa ń sinmi, ọjọ́ ọdún Ògún. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ọmọ ìjọ wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń bèèrè ẹni tó bọ ọ́, ẹran tó jinná ni gbogbo wa ń wò. Wọ́n á so màrìwò mọ́ ayùn, wọ́n á ta epo sídìí ẹ́ńjìnnì. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́. Ọjọ́ yẹn la máa ń gbọ́ omi tó ń lu etí èbúté, ọjọ́ yẹn la máa ń gbọ́ ohùn ara wa. Obìnrin kan tó ń ta pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí mo ti rò pé ohùn rẹ̀ le bíi ti sójà, sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan báyìí, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ọmọge. Mo ní, "Ṣé ìwọ nìyẹn?" Ó ní, "Èmi ni. Tìẹ náà ò le tó bí mo ṣe rò." A wo ara wa, ojú tì wá bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ayùn bẹ̀rẹ̀, a tún ń pariwo síra wa.

Ẹ fi ìdákẹ́jẹ́ yẹn sọ́kàn. Mo ṣì máa padà sí i.

Ọkùnrin tó ni ọ̀pọ̀ nínú igi tí Bàbá Dúpẹ́ ń fà, Alhájì Gẹdú là ń pè é. Èèyàn dáadáa ni, ó lawọ́, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn olè orí ọ̀sà ń dà á láàmú. Ìgbà náà nǹkan ti le nílùú, owó igi ń gòkè lójoojúmọ́, àwọn olè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí gẹdú bá gúnlẹ̀ sí láti sinmi, wọ́n á wẹ̀ débẹ̀, wọ́n á gé okùn tó so gẹdú mọ́ ọkọ̀, wọ́n á sì wọ́ igi lọ. Ó dun Alhájì débi tí kò fi lè jẹun mọ́, àwa sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àwàdà.

Ó bá gba Ìjọra lọ, nídìí àwọn ilé ẹrù. Kò sí irin tí èèyàn lè wá débẹ̀ nígbà yẹn tí kò ní rí. Wáyà irin ló rà, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ẹrù nínú ọkọ̀ òkun, ó nípọn tó àtàǹpàkò mi. Ó gbé e wá sí èbúté, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì.

"Bàbá Dúpẹ́! Okùn tuntun dé!"

Ọkọ mi gbé e yẹ̀ wò. Ó fọwọ́ pa á. "Alhájì, ó dára o. Kí ni mo máa wá fi gé e?"

"Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn! Kí ẹnikẹ́ni má lè gé e."

"Èmi náà wà lára ẹnikẹ́ni yẹn, Alhájì."

Gbogbo èbúté rẹ́rìn-ín. Alhájì náà rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì. "Ìwọ? Láti ọjọ́ tí o ti ń fa gẹdú fún mi, ṣé o ti gé okùn rí?"

Òótọ́ ni, kò gé e rí. Àdá yẹn kò tíì ṣiṣẹ́ kan láyé rẹ̀.

Ẹnu mi ò lè dákẹ́. Mo ní, "Alhájì, ẹ bá wọn gun ọkọ̀ náà lọ nígbà náà, kí ẹ lè máa ṣọ́ wáyà yín."

"Ìyá Dúpẹ́, ẹnu rẹ yìí!"

"Ẹnu mi ò wúwo tó ikùn yín, sà. Ọkọ̀ á gbé e."

A rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì di àwàdà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, Bàbá Dúpẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Àwọn awakọ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń dúró de iṣẹ́ yẹn, wáyà tàbí okùn kò kàn wọ́n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lára gẹdú tí wọ́n fẹ́ lọ fà yìí, tiwa wà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi àti òun máa ní igi tiwa. A fẹ́ là á, kí n fi ṣí ìsọ̀ tèmi, kí n yé gba pákó ẹlòmíràn tà. Ó wo ojú mi, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré." Wọ́n fi irin de wáyà náà mọ́ igi ìsokùn, ìyẹn kùkùté igi líle kan tí bàbá rẹ̀ kàn mọ́ ìdí ọkọ̀, tí wọ́n máa ń so okùn mọ́. Ó pọ́n àdá rẹ̀ láàárọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n máa padà dé, ọ̀sán ni. Mò ń to pákó létí omi nígbà tí mo rí wọn lókèèrè, ọkọ̀ bí èèrà, gẹdú lẹ́yìn rẹ̀, Tìámíyù gbọọrọ lórí gẹdú. Inú mi dùn, mo ti ń ya ìsọ̀ mi lọ́kàn, mo ti kùn ún ní àwọ̀ ewé. Lápá Ìkòròdú, ojú ọ̀run ṣú. Ìjì tó ń ti ibẹ̀ wá kì í kí èèyàn kó tó wọlé.

Ọkọ̀ ti gba àárín àwọn òpó bíríìjì kọjá sí ọ̀dọ̀ wa kí ìjì tó dé. Gẹdú ṣì wà lẹ́yìn. Atẹ́gùn gbá a, ó yí ìdí, ó sì gba àárín òpó mìíràn. Ṣé ó yé yín? Ọkọ̀ gba apá kan òpó, gẹdú gba apá kejì, wáyà sì kọ́ òpó bíríìjì lẹ́yìn. Ìjì ń ti gẹdú bọ̀ níwájú, bó sì ṣe ń bọ̀ ni wáyà ń fa ọkọ̀ padà sẹ́yìn, lọ sídìí òpó. Ìdí ọkọ̀ ń tẹ̀, omi ń wọlé. Bó bá jẹ́ okùn ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ni àdá máa balẹ̀.

Mo rí apá rẹ̀ tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀. Àdá ń tàn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ayùn tó wà lẹ́yìn mi ń la igi ẹlẹ́ni lọ bíi pé kò sí ọkọ ẹnikẹ́ni lórí omi. Mo kígbe, ta ló máa gbọ́? Ariwo ni gbogbo wa ń pa níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo sáré lọ bá ẹni tó ń darí ayùn náà, mo fa ẹ̀wù rẹ̀ ya. Ó bojú wo ibi tí mo nawọ́ sí, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹni kejì rí i, ó pa tiẹ̀. Ẹni kẹta pa tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pa á tẹ̀ lé ara wọn dé ìpẹ̀kun èbúté, títí Òkòbàbà fi dákẹ́ bí ọjọ́ ọdún Ògún. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọmọrí ìkòkò Tìámíyù, ṣáá, ṣáá, láìdákẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìró kejì.

Kẹ́ń. Kẹ́ń. Kẹ́ń.

Irin ń lu irin. Wáyà ló ń ṣá. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ohun tó so ọ́ mọ́ gẹdú ni kí o gé, ọwọ́ náà ò sì gbọ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo wa dúró létí omi, akọ àti abo, a ń gbọ́ ọ. Kẹ́ń. Kẹ́ń. Iwájú ọkọ̀ ti ń gbéra sókè.

Ìró náà dáwọ́ dúró.

Mo ká aṣọ ìró mi bojú, mo ní ó tán. Mi ò fẹ́ rí i. Inú òkùnkùn aṣọ yẹn ni mo wà tí mo tún gbọ́ nǹkan.

Pó. Pó. Pó.

Igi nìyẹn! Mo ti ń ta igi láti ọmọge, kò sí ẹni tó lè fi ohùn igi tàn mí jẹ. Ó ti fi wáyà sílẹ̀. Igi ìsokùn ló ń gé, kùkùté tí bàbá rẹ̀ kàn mọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń ṣá. Mo ṣí ojú, mo ní, "Gé e! Gé e!" Obìnrin olóhùn tútù ẹ̀gbẹ́ mi ń kígbe, "Gé e!" Ẹni tí mo fa ẹ̀wù rẹ̀ ya ń kígbe. Gbogbo Òkòbàbà ń kígbe mọ́ ọn bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Igi náà ya ràà. Ó gbé ìdí ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Wáyà fò kọjá lórí omi bí ẹgba. Lẹ́yìn náà kò sí ọkọ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì ti rì, orí èèyàn kan ló kù lórí omi. Tìámíyù dọ̀bálẹ̀ lórí gẹdú, ó na ọ̀pá sí i. Òun ló sọ èyí fún mi, ó sì ń sọ ọ́ títí ó fi kú. "Ìyá Dúpẹ́, mo ní kí ọkọ yín sọ àdá nù, kó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú. Ó kọ̀! Ọwọ́ kan ló fi dì í mú. Mo ní kí ló ń fi àdá ṣe nísinsìnyí? Ọlọ́run tó dá omi mọ̀."

Ìjì gbé gẹdú lọ forí sọlẹ̀ lápá Mákòkó, okùn tó di igi mọ́ra já, igi tú ká. Wọ́n rí díẹ̀ kó jọ. Tiwa, a ò rí ẹyọ kan. Títí dòní, bí mo bá rí àwọn ilé tó dúró lórí òpó nínú omi lọ́hùn-ún, mo máa ń rò ó pé orí ìsọ̀ mi ni wọ́n ń sùn. Kí wọ́n sùn dáadáa. Kò sí àwọ̀ ewé lára rẹ̀ ni.

Alhájì dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá Dúpẹ́ jókòó, mo fi ìró mi wé e. Mo ti múra de Alhájì. Èébú ti tò sẹ́nu mi láti orí baba ńlá rẹ̀, bó bá ti la ẹnu bèèrè pé gẹdú òun dà, màá tú u lé e lórí. Kò bèèrè gẹdú. Ó wo ọkọ mi, ó wo àdá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó fi ìka tọ ẹnu àdá náà. Ó bọ́ fìlà.

"Bàbá Dúpẹ́," ló wí, "o sọ fún mi pé ìwọ náà wà lára ẹnikẹ́ni."

Ó sì jókòó sórí èérún igi pẹ̀lú agbádá funfun rẹ̀. Mo gbé gbogbo èébú mi mì. Ó ṣòro láti gbé mì.

Wáyà wá ńkọ́? Wọ́n bá mi gé díẹ̀ nínú rẹ̀, mo fi ṣe okùn ìsáṣọ lẹ́yìnkùlé, mo ní mi ò ní jẹ́ kó sinmi lásán. Ìpẹtà rẹ̀ sì fa ìlà pupa sí gbogbo aṣọ ilé ìwé Dúpẹ́. Ẹ bi ìyá Dàmilọ́lá, wọ́n máa ń pè é ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà.

Bàbá Dúpẹ́ ò tún ní ọkọ̀ tiẹ̀ mọ́. Ó bá àwọn ẹlòmíràn wa tiwọn, okùn ni wọ́n sì ń lò. Nígbà tó yá, tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gẹdú gba orí títì, àwọn tó ń gbé orí omi dínkù, lẹ́yìn náà wọ́n kó èbúté fúnra rẹ̀ lọ. Ó dàgbà, ó darúgbó, inú yàrá yẹn ló kú sí, lórí ibùsùn gbígbẹ. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní ikú ìtìjú ni fún ọmọ Ìlàjẹ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ojú tì mí.

Dàmilọ́lá, sún mọ́ ibí. Fi ìka rẹ tọ ẹnu àdá yẹn, má bẹ̀rù, kò mú mọ́. Ṣé o rí apá ibí tó kán jágajàga bí eyín mi? Ibẹ̀ ló fi ń ṣá wáyà. Wàyí o, wá sí apá ibí. Kò kán. Ibẹ̀ ló fi gé ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Ẹnì kan tó ń pọ́n ọ̀bẹ kiri kọjá níwájú ilé lọ́jọ́sí, ó ní kí òun bá mi lọ̀ ọ́ kó lè tún mú. Mo lé e lọ. Bó bá lọ̀ ọ́, á dán, á mú, ṣùgbọ́n mi ò ní rí ibi tí ọwọ́ ọkọ mi ti yí padà mọ́.

Ó tó. Gbé e padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ojú rẹ̀ kọjú sí ògiri. Àgbọn yẹn, ẹ gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, kí ẹ ṣán an mọ́ símẹ́ńtì. Ẹ má gbàgbé abọ́ o. Èmi ni mo máa mu omi rẹ̀.